Ojú Kọ̀ǹpútà Ṣú

Inú díìsìkì kan ṣoṣo ni orin tí màmá mi kọ kó tó kú wà, díìsìkì ọ̀hún sì ti ń bu. Kọ̀ǹpútà tó fi kọ ọ́ ti bàjẹ́ tipẹ́. Èyí tí bàbá mi ní, ògbólógbòó tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, kò gbọ́ èdè tiẹ̀, torí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀. Ìdí nìyí tí bàbá mi fi wá káàdì kan rà, pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́. Tí wọ́n bá kì í bọnú kọ̀ǹpútà, á máa ṣe bí ti màmá mi.

Bàbá arúgbó tó tà á kìlọ̀ fún wa: "Tó bá ti gbaṣẹ́, ojú kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ṣú. Ẹ ṣáà ní sùúrù. Ẹ ò gbọdọ̀ paná, kó má baà ha díìsìkì yín." Bàbá mi ń ka eyín irin tó wà létí káàdì, kò gbọ́. Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Oníwàdùwàdù, ń fi irùngbọ̀n arúgbó náà ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ni mo gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ki káàdì náà bọnú rẹ̀, tí wọ́n sì ti díìsìkì bọ̀ ọ́, ojú kọ̀ǹpútà ṣú lóòótọ́. Òórùn bí nǹkan tó ń jó gba yàrá.

"Mo sọ ọ́! Àlòkù ọjà!" Oníwàdùwàdù fò sídìí wáyà iná.

"Fà á yọ kíá!" ni bàbá mi wí.

N kò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ bo wáyà náà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fà á."

"Ìwọ tó ń kí àlejò bíi pé ẹ̀fọn ń kùn? Ta ló la ohùn ẹ lónìí?" ni Oníwàdùwàdù bi mí.

"Bàbá tó tà á ló ní ojú rẹ̀ á ṣú. Bóyá eruku ló ń jó."

Bóyá. Tí mo bá ṣì í gbọ́ ńkọ́? A jẹ́ pé èmi ni mo pa ohun tó kù lára ìyá mi. Díìsìkì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn ojú náà.

Ni ìmọ́lẹ̀ bá yọ. Orin bẹ̀rẹ̀, tín-ín-rín, èyí tí màmá mi máa ń kùn tó bá ń wẹ̀ fún mi. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àfi gààràgà! Ojú díìsìkì tó ti ń bu náà ha, àmọ́ orin ò dúró.

"Ó ti tán lára díìsìkì," ni bàbá mi wí. "Inú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù sí. Tíná bá lọ, ó lọ nìyẹn." Ó sáré wọ yàrá kejì lọ wá rẹ́kọ́dà tí a ó fi gba orin náà sílẹ̀.

Gílóòbù òkè ṣẹ́jú. Oníwàdùwàdù kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di wáyà náà mọ́ ara ògiri.

"Iná á gbé yín o, sà."

"Kó gbé mi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìwọ ṣáà má jẹ́ kí n mira."