Ewé Pupa Tí Ibtisam Fi Ránṣẹ́

Bí mo bá ń pariwo, ẹ má dá mi lóhùn. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi sí àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ń pè mí ní Sùlè Oníjàngbọ̀n, àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń wá ya fọ́tò lọ́dọ̀ mi bí ọdún Iléyá bá dé. Kí wọ́n máa pè mí lọ.

Ibtisam nìkan lọ́mọ tí Ọlọ́run fún èmi àti Àbẹ̀ẹ́bí ìyàwó mi. Ó kọ́ṣẹ́ fọ́tò lọ́wọ́ mi kó tó lọ kàwé sí Kánádà. Níbi tó wà yẹn, bí òtútù bá ti ń bọ̀, ewé igi á kọ́kọ́ pọ́n bí epo tuntun kó tó já bọ́. Lọ́dọọdún ló máa ń sún mọ́ ewé kan ṣoṣo títí ewé náà á fi kún ojú fọ́tò, á sì fi í ránṣẹ́ sórí fóònù mi kí n bá a tún un ṣe. Èmi ni mo kọ́ ọ: "Sún mọ́ ọn dáadáa. Jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí iṣan ewé lè yọ." Màá gbé e sórí kọ̀ǹpútà, màá dín òkùnkùn rẹ̀ kù, màá gé ibi tí kò wúlò dànù, màá sì jẹ́ kí pupa rẹ̀ jí. Èyí tó bá wu Àbẹ̀ẹ́bí jù la máa ń tẹ̀ ní ńlá, òun á sì gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹni tó bá wá rán bùbá, kí wọ́n tó wọn ọrùn rẹ̀ tán, á ti gbọ́ ìròyìn ọmọ wa yó.

Nígbà tí ti ọdún yìí dé, inú bí mi. Gbogbo ewé náà ló wà lórí aṣọ funfun kan. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, láti apá òsì, nínú gbogbo wọn. Kò sí ẹ̀ka, kò sí ilẹ̀, kò sí ìrì. Ni mo bá fi ohùn ránṣẹ́ sí i: "Ibtisam, ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára! O jókòó sínú yàrá, ò ń ya ewé bí ẹni tó ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ṣé igi wọn ti kú tán ni? Dìde níbẹ̀ jàre, kó o jáde síta!"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá mi. Òtútù ni."

Mo ní òtútù kọ́, ọ̀lẹ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì, mo ń tún èyí tó dára jù nínú wọn ṣe. Nǹkan kan wà ní igun ìsàlẹ̀ tó ń bà á jẹ́, mo rò pé òwú ni. Mo fà á kó tóbi kí n lè pa á rẹ́. Kì í ṣe òwú. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára, wọ́n sì fi pílásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ kan. Mo dín òkùnkùn kù. Mo rí àpá tí áyọ́ọ̀nù ìyá Ibtisam dá sí i ní àtàǹpàkò nígbà tó wà ní kékeré.

Yéè! Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo pè é.

"Ọwọ́ ta ni mo rí nínú fọ́tò?"

Ó ní, "Mo rò pé mo ti gé e kúrò, Bàbá mi."

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Láti oṣù keje ni mo ti wà lọ́sibítù. Wọ́n ní àwọn ń gbìyànjú."

"Wọ́n ń gbìyànjú! Ta ló wá ń já ewé fún ọ?"

"Nọ́ọ̀sì kan ni, Veronica. Tó bá ń bọ̀ níbi iṣẹ́, á he é nílẹ̀ wá fún mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí."

Ọmọ yìí ni mo ní kó dìde. Mo sunkún, àgbà bíi tèmi. Mo ní mo ń bọ̀.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ wá?" Kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ó fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà dù mí. Bó bá jẹ́ Ìdóàní nítòsí wa níbí ló wà, màá fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tí ọmọ tèmi wà ńkọ́? Wọn ò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́. Ariwo nìkan ni mo mọ̀ ọ́n pa, ariwo ò sì lè sọdá òkun. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe.

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ìyá mi."

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Àbẹ̀ẹ́bí lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n túfọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un lójijì, ó dà wó sórí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì pẹ́ kó tó lè gbé ọwọ́ ọ̀tún. Dókítà ní irú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ṣèlérí fún ọmọ mi.

Mi ò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tí ẹnìkan fi ń gbá ilẹ̀kùn. "Bàbá Ibtisam! Kí lẹ ti ilẹ̀kùn ṣe lọ́sàn-án gangan? Ṣé ẹ gbé ìyàwó tuntun pamọ́ ni?"

Mo yára dá fọ́tò padà sí bó ṣe wà, kí òkùnkùn lè bo igun yẹn. Mo nu ojú, mo ṣílẹ̀kùn. Àbẹ̀ẹ́bí wọlé tòun ti téèpù lọ́rùn, ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Háà! Èyí ni mo fẹ́. Èyí gan-an la ó tẹ̀."

Mo ní kò dára, ká mú òmíràn.

"Kí ni kò dára níbẹ̀? Kìkì nǹkan tó wà ní igun yìí ni. Kí tiẹ̀ ni?"

"Òwú ni."

"Ẹ pa á rẹ́ nígbà náà. Ṣé èmi ni màá kọ́ yín níṣẹ́ ni?"

Kò dìde. Mo gbé máòsì. Mo fi funfun aṣọ bo rọ́bà náà díẹ̀díẹ̀, mo bo pílásítà. Nígbà tó ku àtàǹpàkò, ọwọ́ mi kọ̀.

"Ó ṣì ku díẹ̀ o," Àbẹ̀ẹ́bí ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ẹ mú gbogbo ẹ̀ kúrò."

Mo mú ọmọ mi kúrò níbẹ̀, ó ku ewé nìkan. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó gbá mi léjìká, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí ó tóbi ju ti èṣí lọ.