Àdúà Ìyá Hamdalah

Mọ̀dínátù, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, kì í tẹ́wọ́ ṣàdúà mọ́. Bó bá ti tẹ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni yóò máa wò, ohun tó ṣẹlẹ̀ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Lásìkò òjò ọdún tó kọjá ni. Ó lọ mú Hamdalah, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, bọ̀ láti ilé-kéú. Àgbàrá ti bo títì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí gọ́tà wà. Ó di ọmọ lọ́wọ́ mú. Ọmọ gbẹ́sẹ̀, kò bá ilẹ̀. Mọ̀dínátù fà á, ó tún fà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti rin gbindin ń yọ̀ bí ilá. Bí ọwọ́ kékeré náà ṣe bọ́ nìyẹn. Wọ́n wá ọmọ títí dé Ìdímù, wọn ò rí i. Kò sí sàréè tí wọ́n lè lọ dúró tì.

Láti ìgbà náà, ìbáà jẹ́ ìdí máṣíìnì ló wà, ìbáà jẹ́ ọbẹ̀ ló ń rò, ọwọ́ náà ń bọ́ ni. Abdulganiyy, ọkọ rẹ̀, ló mú un lọ sọ́dọ̀ Alfa Sàlàkọ́.

Alfa gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ìyá Hamdalah, bí èrò náà bá dé, ẹ má jẹ́ kó jókòó. Ẹ sọ pé, Hasbunallāhu wa ni'mal wakīl. Ọlọ́run tó wa. Ẹ máa wí i títí yóò fi lọ."

"Ṣé kí n tẹ́wọ́, Alfa?"

"Ẹ gbé ọwọ́ lé itan. Ahọ́n nìkan ti tó."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rán síìpù sára búbà oníbàárà kan tán, ló bá rí i pé òun ò rántí ọwọ́ náà látàárọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ṣé bí òun ṣe máa gbàgbé ọmọ òun nìyí? Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Láti ọjọ́ náà, kó tó wí àdúà náà délẹ̀, àgbàrá ọjọ́ òjò yẹn ti dé ọkàn rẹ̀.

Ó padà sọ́dọ̀ Alfa. "Àdúà yẹn gan-an ló ń gbé e wá báyìí."

Alfa ní, "Nígbà tí ìyá Qonitah, aya mi, kú, mo rò pé èmi tí mò ń ké Kùránì, tèmi á tètè lọ."

"Ṣé ó lọ, Alfa?"

"Kò lọ."

"Kí wá ni mò ń ṣàdúà fún?"

"Mi ò lè parọ́ fún yín. Mo ṣáà ń ṣe é ni."

Abdulganiyy ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Inú kẹ̀kẹ́ ló ti bi í pé, "Kí ni Alfa wí?"

"Ó ní kí n máa ṣe é lọ."

"Ó máa gbà, jàre. Ọlọ́run ò ní gbàgbé wa."



Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jọ kírun. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, ọkọ rẹ̀ gbóhùn sókè, ó bẹ Ọlọ́run pé kó fi ọmọ mìíràn rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ó ń retí kí ìyàwó rẹ̀ ṣe àmín. Mọ̀dínátù ò lè ṣe àmín sí i; ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí itan. Nígbà tó yá, Abdulganiyy dìde, ó ká ẹní tirẹ̀, ó sì lọ gbé omi ẹ̀bà kaná.