Òpó Ilẹ̀kùn Yvette

Ọwọ́ Bàbá Zerbib ti ròkè kí Yvette tó rántí. Bàbá ò tiẹ̀ wo ibẹ̀. Láti kékeré lọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n: tó o bá dé ẹnu ọ̀nà Júù, wàá fọwọ́ kan mẹsúsà, ọ̀rọ̀ Òfin tí wọ́n ká sínú ike tí wọ́n kàn mọ́ òpó ilẹ̀kùn, wàá wá fi ìka yẹn kan ẹnu. Àmọ́ lónìí, ihò ìṣó nìkan nìka Bàbá bá. Wọ́n ṣì fi kan ẹnu náà.

"Yvette ọmọ mi, ṣé ẹ fẹ́ kun ilé ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. A fẹ́ kùn ún."

Irọ́ gbuu! Ojú ẹ̀ gbóná wàì.

"Bàbá, ẹ wọlé jàre," ni Colette, ará sínágọ́gù wọn tó tẹ̀ lé Bàbá wá, pariwo. "Àbí owó ilé lẹ wá gbà?"

Ṣé ẹ rí i, Yvette yìí gan-an ni alága sínágọ́gù wọn ní Créteil, nílẹ̀ Faransé. Nígbà tí àwọn kan kọ ọ̀rọ̀ ìkórìíra Júù sára géètì sínágọ́gù, òun ló dìde ní Sábáàtì tó ní, "Kẹ́nikẹ́ni má yọ mẹsúsà ẹ̀ o! A ò ní sá pamọ́!" Àwọn obìnrin dì mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀, ó ti yọ tiẹ̀ kó tó lọ síbẹ̀, ó fi gèlè wé e, ó tì í sábẹ́ aṣọ.

Wọn ò tíì mu tíì débì kan tí Colette fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ ò gbọ́ ti Myriam tó ń gbé lókè yìí? Ó ti yọ tiẹ̀! Ojo lásán-làsàn. Ṣé irú ẹ̀ ló máa wá máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní Tórà? Ẹ jẹ́ ká gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Yvette, ìwọ ni kó o lọ sọ fún un."

"Òun nìkan ló ń dá tọ́mọ," ni Bàbá rọra sọ.

"Àwa ńkọ́? Ṣé ẹ̀rù ò bà wá ni? Yvette, sọ̀rọ̀ nà!"

Yvette gbé ife kalẹ̀.

"Mi ò kun ilé kankan. Èmi ni mo yọ ọ́."

Colette bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rójú Yvette, ẹnu ẹ̀ pa dé. Bàbá ń wo inú ife wọn. Ẹnì kankan ò bú u, ìyẹn gan-an ló wá dùn ún jù.

"Ẹ fi iṣẹ́ Myriam sílẹ̀ fún un," ló ní. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba nǹkan, ẹ gba ipò alága lọ́wọ́ mi."

Ó dìde, ó gun àtẹ̀gùn lọ sílé Myriam, ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Yvette."

Myriam ò ṣílẹ̀kùn. Ó ní, "Madame, tó bá jẹ́ pé ẹ wá bá mi wí ni, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ ń jẹun lọ́wọ́."

"Mi ò wá bá ẹ wí." Yvette fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Myriam."

Ó ti fẹ́ yí padà kó tó gbọ́ tí Myriam ń yọ ṣéènì ilẹ̀kùn.