Ẹ̀rọ Tó Ń Dákẹ́ Nígbà Ìrun

Ládàánì ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ìrun Àìlá tán ni ẹ̀rọ dákẹ́. Ìgò tó wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀ kò tíì kún.

Folúkẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ojú analáísà, àpótí tó gbé wá láti Òkè Àdó láti máa ṣọ́ iná inú wáyà. Ó ti so ó mọ́ emuléítọ̀, àpótí kejì tó fi rọ́pò ọpọlọ ẹ̀rọ fún àyẹ̀wò, ẹ̀rọ tó ń rọ ẹlẹ́rìndòdò sínú ìgò náà. Ìlà gbọọrọ ló rí, kò sí nǹkan mìíràn.

"Ẹ̀rọ yìí gba Ìsìláàmù jù mí lọ," ni Bàdírátù tó ń dúró ti ẹ̀rọ wí. "Wọ́n á pe ìrun tán, á dúró wáì. Èmi á ṣì máa wá ìbòrí."

Alhaji Hàrúnà tó ni ilé iṣẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹnjiníà, ẹ̀yin lẹ ṣe ọpọlọ yìí. Bí ẹ ò bá mọ ohun tó ń ṣe é kí n tó kí Àlàásárì tán, ẹ máa gbé e lọ. Àwọn ará Èkó á gbé tiwọn wá lọ́la."

"Mo ti gbọ́, Alhaji."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ṣọ́ọ̀bù Folúkẹ́ ṣe nìyí. Bí wọ́n bá dá a padà, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún un n'Ìbàdàn?

Ó wo bó ṣe to analáísà. Òun ló ṣì í ṣe. Ó ti ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í ká iná sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Ta ní ń bi òkú léèrè? Ó yí i sí ọ̀nà kejì: kó máa ká a lọ, kó dúró nígbà tí ẹ̀rọ bá kú, kí ohun tó ṣáájú ikú lè kù lójú rẹ̀. Ó tún yọ àṣẹ tó lè mú kó dá emuléítọ̀ dúró. Kó ṣọ́ ọ, kó má fọwọ́ kàn án.

Wọ́n pe Àlàásárì. Ẹ̀rọ dákẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, analáísà rí nǹkan. Kí ẹ̀rọ tó kú, iná rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣẹ́jú. Folúkẹ́ gbọ́ ìró kan lẹ́yìn ilé.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Ẹ̀rọ ìfami ni," Bàdírátù wí. "Wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá."

"Jọ̀ọ́, lọ pa á."

Ó pa á; Folúkẹ́ tan ẹ̀rọ, ó ń rọ. Bàdírátù tún tan ìfami; ẹ̀rọ dákẹ́.

Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà lọ́wọ́. "Ṣé ẹ fẹ́ ká má kírun mọ́ ni?"

"Rárá o, Alhaji. Wáyà kan náà ni ìfami àti ẹ̀rọ jọ ń lò, ìfami á gba iná mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kí ìfami ní wáyà tirẹ̀ ni."

Alhaji wo ẹ̀rọ, ó wo Folúkẹ́.

"Ẹ wá fa wáyà náà lọ́la. Bàdírátù, sọ fún àwọn ará ibí: bútà la ó fi ṣe àlùwàlá títí Ẹnjiníà ó fi ṣe tán."

Ó lọ kírun. Àwọn ìgò tí kò kún ṣì wà lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ.