Àdáṣe Kọ Ara Rẹ̀

Olórí kunkun ni Moyinolúwa, ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní ẹ̀kọ́ kọ̀mpútà ní Imeri, tó bá sì di Sátidé, á wọ mọ́tò wá sí Ọ̀wọ̀, sí ṣọ́ọ̀bù Tahir tó ń tún kọ̀mpútà ṣe. Àwọn méjèèjì ló jọ dá èdè kan sílẹ̀ tí ọmọ lè fi Yorùbá pàṣẹ fún kọ̀mpútà. Wọ́n pè é ní Àdáṣe.

Kọ̀mpútà kì í gbọ́ Yorùbá o. Ó gbọ́dọ̀ ní ògbufọ̀ tí yóò sọ ohun téèyàn kọ di nọ́ńbà fún un. Kọ̀ǹpáílà ni wọ́n ń pe ògbufọ̀ yẹn. Tahir ló kọ ti Àdáṣe, èdè kọ̀mpútà òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní C ló fi kọ ọ́, ó sì jìyà rẹ̀ gan-an.

Àfi bí Moyinolúwa ṣe ní kí wọ́n fi Àdáṣe fúnra rẹ̀ tún un kọ, kí wọ́n sì da ti C nù.

"Kí ni C fi ṣe ọ́?" Tahir béèrè.

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, Bọ̀ọ̀dá Tahir. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún àwọn ọmọ pé Àdáṣe tó iṣẹ́ ẹ́ ṣe, tí àwa tá a ni ín ń sá tọ èdè ẹlòmíì lọ?"

"Àǹtí tíṣà, o tún ti dé nù un." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ojú rẹ̀ fàro. "Tá a bá dà á nù, kí ló kù tí èmi ṣe níbẹ̀?"

Moyinolúwa gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Wọ́n kọ tuntun. Kọ̀ǹpáílà àtijọ́ túmọ̀ rẹ̀, tuntun náà sì túmọ̀ ara rẹ̀. Wọ́n fi èsì méjèèjì wéra, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Tahir fọwọ́ ara rẹ̀ pa ti C rẹ́. Ó ní òun ń lọ kírun, kò sì tètè padà. Láti ọjọ́ náà, "ó dáa" ni gbogbo èsì tó ń fún Moyinolúwa, ó sì dun obìnrin náà.

Nígbà tó yá, Moyinolúwa jókòó nílé, ó fẹ́ ṣàlàyé kọ̀ǹpáílà náà fún àwọn ọmọ. Nínú Àdáṣe, tí èèyàn bá kọ \n, ìlà parí nìyẹn. Lọ́dọ̀ ẹ̀rọ, nọ́ńbà mẹ́wàá ni òpin ìlà. Ó wá ibi tí wọ́n kọ mẹ́wàá sí, kò rí i. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: bí o bá rí \n, fi \n síbẹ̀. Irú àlàyé wo nìyẹn? Síbẹ̀, ìlà ń parí bó ṣe yẹ.

Ó pe Tahir lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá, níbo lẹ kọ mẹ́wàá sí?"

"Inú ti C. A ti pa á rẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ fún ti àtijọ́, òun ló sọ ọ́ fún tuntun. Gbogbo ìgbà tí tuntun bá túmọ̀ ara rẹ̀, ló ń tún un sọ fún ara rẹ̀. A ò kọ ọ́ síbì kankan mọ́, ó ṣì mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ yín ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má bínú sí mi. Mo gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn."



"Kò yẹ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Tahir fèsì. Ohùn rẹ̀ ti wúwo. "Kọ mẹ́wàá síbẹ̀, káwọn ọmọ lè rí i."

Moyinolúwa kọ ọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí èèyàn ń kà tí kọ̀mpútà máa ń fò, ó kọ ọ́ pé: Tahir ló kọ́ ọ.