Ọ̀sẹ̀ Kan Létí Odò

"Faransé," ni Déolú wí. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, kò sì tan ẹ́ńjìnì. "Faransé, lọ́jọ́ Ẹtì. Ìyá Akóredé bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, ẹ̀yin méjèèjì. Mo ní ẹ ṣé, mà. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún."

Morọ́láyọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Níta, nínú páàkì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Springdale, àwọn ará ìjọ ṣì ń kíra wọn. Láàárọ̀ ló ti ju bébà tó kọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà ìrìn-àjò rẹ̀ sí sínú àpótí àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì, bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó wọ bàálù. Ó rò pé pásítọ̀ nìkan ni yóò gbàdúrà sí i ní kọ̀rọ̀. Kò mọ̀ pé Alàgbà Akínlọ́lá ni wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún, alàgbà yìí kì í sì í ka ìwé sínú. "Arábìnrin Morọ́láyọ̀ tó ń lọ sí Faransé lọ́jọ́ Ẹtì, kó dìde ká gbàdúrà fún un." Ó dìde. Ojú Déolú, ọkùnrin tí yóò fẹ́ ẹ lóṣù Kejìlá, ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá pàdé.

"Ta lo fẹ́ lọ bá níbẹ̀?"

"Mi ò fẹ́ lọ bá ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ lọ ya àwòrán ni."

"Ya kí ni?"

"Àwòrán, Déolú. Pẹ̀lú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì." Ó na fóònù sí i. Abúlé kan ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ti fi òkúta kọ́ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Òdòdó kún ojú fèrèsé, àwọn ilé náà sì tẹ̀ sórí odò bí ẹni tó fẹ́ fẹnu ko omi. "Olùkọ́ kan á máa kó wa lọ sétí odò yìí láràárọ̀, kálukú á jókòó, á máa ya ohun tó bá wù ú. Ọjọ́ méje péré ni. Àwọn ìyá tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù nínú wa."

"Kí ló dé tó o fi fi í pa mọ́ fún mi?"

"Màmá mi ní mi ò gbọdọ̀ sọ ìrìn-àjò mi fún ẹnikẹ́ni títí màá fi débẹ̀."

"Èmi wá ni ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ náà dun Morọ́láyọ̀, torí ó mọ̀ pé irọ́ ni òun fi ń bo ara òun.

"Kì í ṣe tìtorí màmá mi," ló wá sọ. "Ojú ló ń tì mí. O rántí ọjọ́ tí Tóbi àbúrò rẹ ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ àwòrán? O ní kó lọ wá iṣẹ́ gidi kọ́. O rẹ́rìn-ín títí. Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ yẹn, mo kó gbogbo tèmi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Déolú dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

"Mo lè fagi lé e," ni Morọ́láyọ̀ sọ kíákíá. Bí Déolú bá ní kó fagi lé e, yóò fagi lé e. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé nǹkan kan nínú òun yóò kú, òun yóò sì máa wo ọkùnrin yìí bí ẹni tó pa á.

Déolú tan ẹ́ńjìnì. Ó wa mọ́tò títí wọ́n fi dé ilé Morọ́láyọ̀ ní Lake Arbor.

"Kó àwọn àwòrán náà jáde," ni Déolú wí nígbà tí wọ́n wọlé.

Morọ́láyọ̀ tẹ́ wọn sórí bẹ́ẹ̀dì. Déolú ń gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: adágún ẹ̀yìn ilé nígbà òtútù, ife tíì kan, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ Morọ́láyọ̀ kan tó sùn lọ lórí àga níbi iṣẹ́ wọn, tó ti bọ́ bàtà.

"Humaira nìyí."

"Òun ni."

"Bó ṣe máa ń lanu sùn tí mo bá ń gbé ẹ̀yin méjèèjì bọ̀ láti ibi iṣẹ́ gan-an nìyí. Ó mọ̀ pé o yà á?"

"Tó bá mọ̀, o ò ní bá mi láyé."

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Déolú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí Tóbi yẹn ò dáa."

"Kò dáa."

"Wàá lọ, Morọ́láyọ̀. Èmi ni màá gbé ẹ dé pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n má tún jẹ́ kó jẹ́ alàgbà ló máa sọ ibi tí ìyàwó mi ń lọ fún mi."

"Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́." Ó mí kanlẹ̀, àfi bí ẹni tó bọ́ bàtà tó há lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí méjìlá.

Lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ ọn, ó mú ìwé kan àti pẹ́ńsù. Kò yàwòrán lójú ẹnikẹ́ni rí.

"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín?" Déolú béèrè.

"Rárá. Ṣáà máa wò mí bó o ṣe ń wò mí yẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya Déolú, láti ibi ojú rẹ̀.