Fèrèsé Yàrá Ẹ̀yìn

Ọdún mọ́kàndínlógún ni èmi Verlene Stokes fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ háyà òkè ilé mi pé n kì í gba fáúṣà. Bí wọ́n ṣe ń kí mi ni mo ti ń sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra àwọn tó ń lò ó. Mo mọ̀ pé ìwé yẹn ni ìjọba fi ń bá wọn san èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé, owó náà sì ń wọlé lásìkò. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí ẹni kan láti ọ́fíìsì ìjọba gbé ìwé wá sínú ilé mi, kó máa tan iná kó máa pa á, kó máa fa omi ilé ìyàgbẹ́, kó máa wo gbogbo kọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo jí nǹkan pa mọ́.

Wọ́n ti ṣe é fún Otha, ọkọ mi, kó tó kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún ilé yìí ṣe láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ọmọdékùnrin kan tí kò tíì hu irùngbọ̀n wá dúró síwájú rẹ̀, ó ní ilé náà kò yege, torí pé fèrèsé yàrá kan kò ṣí. Lójú wọn, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò bá ṣí kì í ṣe yàrá, torí bí iná bá ń jó, ibo lèèyàn máa gbà jáde? Otha ju òòlù rẹ̀ sínú àpótí, ó wọlé lọ sùn ní ọ̀sán gangan. Ọjọ́ náà ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àti fáúṣà wọn.

Juanelle, ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kó bá mi. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, a jókòó ti ẹja díndín ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ sì kún fọ́fọ́.

"Verlene, má tíì fajú ro o. Mo ti rí ẹni tó máa gbé òkè ilé ẹ."

"Fáúṣà ló ní?"

"Ọmọ Greenwood ni, ní Mississippi."

"Mi ò bi ẹ́ nípa Greenwood. Fáúṣà ni mo bi ẹ́."

"Greenwood náà ni bàbá tìẹ ti wá, àbí ilẹ̀ Milwaukee níbí ló ti hù bí àlùbọ́sà?"

Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìnà, torí Juanelle mú ẹ̀rín yẹn bí ẹni pé mo ti gbà.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan tí kò tíì tó ẹni ọdún márùndínlógójì dúró lẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀. Ó nu ẹsẹ̀ lórí ẹní ìnusẹ̀ títí ó fi sú mi.

"Ẹ káàsán, Mìs Verlene. Tamra Lyles lorúkọ mi, Nyla nìyí. Fáúṣà ni mo ní o, mà. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà fi orúnkún yín gun àtẹ̀gùn lásán."

Ta ló sọ fún un pé orúnkún ń dùn mí? Ó ti rí bí mo ṣe di ilẹ̀kùn mú. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, àwọn aláìsàn ló ń tọ́jú, àwọn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Hósípítù kan níbí ló gbà á síṣẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tò fún fáúṣà yẹn ní Greenwood kó tó kàn án. Nígbà tí iṣẹ́ dé, ó bẹ ọ́fíìsì tibẹ̀, wọ́n sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tiwa. Ó kó ẹrù jáde níbẹ̀, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Látìgbà náà, ilẹ̀ pálọ̀ ìbátan rẹ̀ kan ni òun àti ọmọ ń sùn. Kò ṣẹ́ ku ju ọjọ́ mẹ́rin lọ kí fáúṣà náà tó kú. Bí onílé kan kò bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ọdún mẹ́sàn-án ti wọmi, kò sì ní ibi tó máa padà sí.

Mo fọwọ́ sí i. Mi ò ní purọ́ pé àánú ló ṣe mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá kọ̀, kí Sunday tó pé, Juanelle á ti ròyìn mi fún gbogbo ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé ọ́fíìsì, wọ́n dá kíka ọjọ́ mẹ́rin náà dúró, wọ́n ní ẹni tó máa yẹ ilé wò ń bọ̀ ní Thursday. Bó bá kọ ilé náà, á tún padà wá lẹ́ẹ̀kan. Bó bá kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á da fọ́ọ̀mù nù, ọjọ́ mẹ́rin á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ní Tuesday, mo ra ọ̀dà funfun. Mo ní ilé ni mo fẹ́ tún ṣe. Mo kun gbogbo fèrèsé òkè, ó sì dára. Nígbà tí mo dé yàrá ẹ̀yìn, yàrá tí Nyla máa sùn, mo ti búrọ́ọ̀ṣì wọ inú àlàfo tí fèrèsé ti pàdé férémù, mo kùn ún lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kùn. Ní Wednesday, mo padà lọ kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo fẹ́ kí ọ́fíìsì bá mi sọ pé rárá, kí ẹnu tèmi lè mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Zielke ni wọ́n rán wá. Mo ti múra ìjà sílẹ̀ de ọmọdé aláfojúdi kan, àgbàlagbà tó ń tiro ló wọlé. Tamra àti Nyla tẹ̀ lé wa. Ó tan iná, ó da omi, ó fọwọ́ pa kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná.

"Màdáàmù, ta ló ṣe kọ́bọ́ọ̀dù yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ o. Ẹ ò lè rà á ní ṣọ́ọ̀bù lónìí."

Ó dùn mọ́ mi, ó sì dùn mí. Nígbà náà ló dé yàrá ẹ̀yìn. Ó ti fèrèsé sókè láti ṣí i, kò mira. Ó gbé ìwé sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Tamra náà bá a tì í. Asán ni.

"Mi ò lè gbà á báyìí," ni Zielke wí. "Mo máa padà wá ní Thursday tó ń bọ̀. Tí ò bá tún ṣí, kò sóhun tí mo lè ṣe mọ́."

Nyla fa aṣọ ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, ṣé ilé yìí náà ti kọ̀ wá?"

"Rárá, fèrèsé lásán ni." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ má bínú, Mìs Verlene. Mo kó wàhálà bá yín. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣí i fúnra mi lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin ẹ jókòó."

Èmi ni wọ́n ń bẹ̀! Ojú tì mí débi pé n kò lè sin wọ́n dé ẹnu ọ̀nà.

Ní Sátidé, Tamra dé pẹ̀lú ọ̀bẹ tín-ín-rín kan. Mo jókòó nísàlẹ̀, mò ń gbọ́ bó ṣe ń ha ọ̀dà, kẹrẹ, kẹrẹ, bí eku nínú àjà. Mo tan tẹlifíṣọ̀n kí n má baà gbọ́ ọ, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Nígbà tó pé wákàtí kan, mo pa á, mo mú òòlù Otha àti irin pẹlẹbẹ rẹ̀, mo gun òkè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí. Mo bá a lórí ìkúnlẹ̀, ọ̀dà kún irun rẹ̀. Ó sún, ó fún mi láyè. Òun ń gé apá ọ̀tún, èmi ń fi òòlù gbá irin wọ àlàfo lápá òsì. Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó já, tí afẹ́fẹ́ wọlé. Ní Thursday, Zielke fi ọwọ́ kan gbé e sókè, ó fọwọ́ sí ìwé, ó ní ó yege.

Ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé, mo gòkè lọ bá a. Nyla ń sáré kiri pálọ̀, Tamra ń to ẹrù ọmọ nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà.

"Tamra, èmi ni mo fi ọ̀dà dí fèrèsé yẹn. Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n má baà fún ẹ nílé."

Kò gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀?"

"Àwọn fèrèsé yòókù, ojú wọn nìkan lẹ kùn. Èyí, ẹ kùn ún wọnú. Ọ̀dà ẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń bá bàbá yẹn tì í."

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀? O tún ń bẹ̀ mí!"

Ó wò mí wàyí. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́.

"Ilé méjìlélógún ni mo ti kan ilẹ̀kùn wọn kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín, Mìs Verlene. Ẹ̀yin nìkan lẹ fọwọ́ sí ìwé. Tí mo bá bá yín jà, ibo ni kí n gbé ọmọ mi lọ?"

Mo wọ inú yàrá náà. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó má bínú. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, n kò sì bi í. Ó na aṣọ bẹ́ẹ̀dì Nyla, mo mú etí aṣọ náà kejì, a sì jọ tẹ́ ẹ.